Páálí Ìkúnlẹ̀ Ọmọ́títí

Ó yẹ kí a sọ ọ́ gbangba láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́jọ́ iwájú pé a fi pamọ́: Ọmọ́títí Adépọ̀jù máa ń mú páálí lọ síbi iṣẹ́. Kì í ṣe páálí ńlá. Kò fẹ̀ ju ìwé ìròyìn tí a ṣẹ́ sí méjì lọ. Ara páálí tòmátò alágolo ló ti gé e, ó fi sẹ̀lótéèpù lẹ etí rẹ̀ yíká kí ó má baà tú, ó sì máa ń ká a kì bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ kí ó tó wọ kẹ̀kẹ́ ní ibùdókọ̀ Lotto. Bí ó bá gbàgbé fóònù sílé, á ní kò burú, òun á bá a nílé nírọ̀lẹ́. Bí ó bá gbàgbé páálí, á sọ̀ kalẹ̀, á padà.

Ohun tí ó ń fi páálí ṣe kò le. Ó ń kúnlẹ̀ lé e lórí ni.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé àdúrà ló ń gbà. Ní agbègbè wa yìí, láti Ìbafo dé Mowe, ẹni tó bá kúnlẹ̀ lójú ọ̀sán, àdúrà la máa kọ́kọ́ rò, a ó sì dúró ṣe àmín kí a tó kọjá. Ṣùgbọ́n Ọmọ́títí ti gba àdúrà tirẹ̀ nílé. Ìkúnlẹ̀ ti ibi iṣẹ́, iṣẹ́ ni. Òun ni alábòójútó yàrá ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ àga rọ́bà kan tó wà nítòsí títì márosẹ̀ ní Ìbafo. A ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí àwọn tó jókòó lórí àga wọn nísinsìnyí pọ̀, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde lójijì.

Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ wá gbé e yẹ̀ wò: obìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní láti sọ fún ẹni tó lè bí i lọ́mọ pé iṣẹ́ tó ṣe láàárọ̀ kò dára. Bí ó bá dúró sọ ọ́, ó ti rí bàbá oníbàbá fín. Bí ó bá dákẹ́, àga á là. Bí ó bá rán ẹlòmíràn sí i, ẹni tó rán á fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i kí ó tó débẹ̀. Alábòójútó tó wà níbẹ̀ kí ó tó dé gbìyànjú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wà ní Kánádà báyìí, a gbọ́ pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Ìkirè ni wọ́n bí Ọmọ́títí sí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ohun tó ń ṣe yìí, láìmọ̀ pé ilé iṣẹ́ rọ́bà lòun ń kọ́ ọ fún. Obìnrin náà máa ń sọ pé ẹrù tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ la ti ń gbé e. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo náà ńkọ́? Nítorí náà, bí Ọmọ́títí bá ní ọ̀rọ̀ tó wúwo láti bá àgbà sọ, á yọ páálí, á tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ǹtì, á kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tó wúwo." Lẹ́yìn náà, á sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí gan-an: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ohun tó bàjẹ́, iye tó bàjẹ́. Kò ní fi "ó dà bí ẹni pé" bò ó, kò ní fi "ẹ máà bínú" yí i ká títí tí ẹni tó ń gbọ́ á fi gbàgbé ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tó bá parí, á ní, "Kí lẹ rí sí i, sà?" Á sì dákẹ́. Kò ní dìde títí wọn á fi dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Àgbà tí ọmọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ ní ọ̀nà méjì péré: kí ó dáhùn, tàbí kí ó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì kí gbogbo ayé máa wo òun bí ìkà. Àwọn kan pè é ní ẹ̀bẹ̀. Àwọn tó pè é bẹ́ẹ̀ kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́ rí.

Páákì ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ náà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń di àga ní mẹ́wàá mẹ́wàá tí wọ́n ń fi okùn so ó. Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀bùn wà lára rẹ̀ ni ọjọ́ tí iná lọ láàárọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì dún. Ọkùnrin tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ wà lórí ẹní lẹ́yìn ilé, ó ń sùn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jí i, nítorí ẹnu rẹ̀ mú. Ọmọ́títí tẹ́ páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú oorun, sà." Ọkùnrin náà la ojú kan. "Ẹ kú oorun, sà. Iná ti lọ láti aago mẹ́wàá. Àwọn tó wà nínú ilé ń retí yín. Kí lẹ rí sí i, sà?" Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí kò sùn mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní bí òun bá ti di ojú, ńṣe ni òun á máa gbọ́ "ẹ kú oorun."

Bó ṣe di alábòójútó nìyẹn. Obìnrin àkọ́kọ́ tó máa ṣe é ní yàrá ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní kí ó fi oṣù mẹ́fà dán an wò ná, bí ó bá yege, wọ́n á fún un ní lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò dúró de lẹ́tà. Ó ti sọ fún gbogbo Ìkirè pé ọmọ òun ti di ọ̀gá, kò sì sí ọ̀nà tí a fi ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ padà lẹ́nu ìyá.

Nǹkan ń lọ déédéé títí di oṣù karùn-ún, nígbà tí wọ́n rán máníjà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Ìkẹjà.

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé ni máníjà náà. Ní Arepo ló ń gbé. Ẹni rere ni, kò ní àlébù kan ju pé ó máa ń gba ohun tó bá kà gbọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ní Ìkẹjà ni bí a ṣe ń bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ó mú ìwé kan bọ̀ láti ibẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ lókè, níbi tí fèrèsé ńlá kan wà tó fi ń wo yàrá ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Ó ka ìwé náà, ó wo ìsàlẹ̀, ó rí alábòójútó rẹ̀ lórí eékún. Ó ránṣẹ́ pè é.

"Súpáfáísọ̀."

"Sà."

"Kí lò ń ṣe nílẹ̀ yẹn?"

"Mò ń bá Bùọ̀dá tó ń po àwọ̀ rọ́bà sọ̀rọ̀ ni, sà."

"Lórí eékún?"

"Páálí wà níbẹ̀, sà."

"Mi ò bèèrè páálí." Ó tọ́ka sí ìwé ara ògiri. "Wò ó. Ẹni tó ń pàṣẹ kì í kúnlẹ̀. Àṣẹ tó bá ti ilẹ̀ wá, ilẹ̀ náà ló máa sùn sí. Dúró gbọnrangandan, wo ojú ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀, sọ ọ̀rọ̀ rẹ ní ṣókí. Tó bá le jù, kọ ọ́ sínú ìwé. Tí mo bá tún rí ọ lórí eékún, páákì lò ń padà sí. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, sà." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Ṣé kí n máa wo ojú yín?"

Máníjà ronú sí i. Ìwé náà kò sọ.

"Máa wò ó," ó ní. "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àga bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà ní yàrá náà. Ẹ̀rọ kejì ni tí àga rẹ̀ ń là, ní ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ìdí. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ kejì ni Bàbá Sùlèímọ́nù, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta láti Ìsẹ́yìn, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Ẹ̀rọ. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ti jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo lábẹ́ tapólì. Bí ó bá fi àtàǹpàkò tẹ ìdí àga, á sọ fún ọ bóyá àga náà á gbé ìyàwó tàbí ìyá ìyàwó. Kò sí ẹni tó ti bá a wí rí. Kò sí ohun tó ti fà á rí. Kò sì sí ẹni tó jẹ́ yọjú wo nọ́ńbà ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí ìyẹn náà, ìbáwí ni.

Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Lotto dá àga mọ́kànlélógún padà lọ́rọ̀ yìí kúrò ní ti àwàdà. Díákónì wọn kan ló jókòó nígbà tí ìwàásù ń lọ lọ́wọ́ tó sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kọ lẹ́tà onírẹ̀lẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti dárí ji ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n díákónì kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Máníjà fi lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì sí apá kan tábìlì, ó yọ lẹ́tà mìíràn nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì náà, ó fi í sí apá kejì.

"Èyí ni tìẹ," ó ní. "Ọjọ́ Jímọ̀ ni oṣù mẹ́fà rẹ pé. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Bí àga ẹ̀rọ kejì bá ṣì ń là lọ́jọ́ Jímọ̀, màá fà á ya, wàá padà sí páákì. Lọ bá Bàbá yẹn sọ̀rọ̀. Lórí ìdúró."

Ọjọ́ Ajé ni. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ọmọ́títí lọ. Ó dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kejì, ó sì wo ojú Bàbá. Bàbá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, nítorí ọmọdé kì í wo àgbà lójú bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé ìjà ló ń bọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àga ẹ̀rọ yín ń là."

"Ó dáa."

"Ṣé ooru rẹ̀ wà níbi tó yẹ?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ bá mi wò ó, sà."

"Mo ti wò ó."

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn àgbà rí mọ ohun tí "ó dáa" jẹ́. Ilẹ̀kùn ni, tí wọ́n rọra tì mọ́ ènìyàn lójú.

Nígbà tí wọ́n sinmi láti jẹun, Bàbá pe Qudrah. Qudrah ni obìnrin tó ń yọ àga jáde nínú ẹ̀rọ kejì, tó ń fi ọ̀bẹ gé etí wọn kí wọ́n má baà gé ènìyàn lọ́wọ́.

"Qudrah. Ọmọ yẹn, ṣé àárín òun àti ọkọ rẹ̀ dán mọ́rán?"

"Ó dán mọ́rán, Bàbá. Kí ló dé?"

"Ó ń dúró."

"Ó ń dúró báwo?"

"Ó dúró lé mi lórí bí ọlọ́pàá ojú pópó. Ó tún ń wo ojú mi. Kí ni mo ṣe fún un?"

"Máníjà ló ní kó máa dúró."

"Ta ló wá ní kí máníjà máa jókòó?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọmọ́títí ṣe ohun tó kù nínú ìwé ara ògiri. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ kúẹ́rì, ìyẹn ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tó fi ṣe ohun tó ṣe, ó sì fà á lé Bàbá lọ́wọ́. Bàbá gbà á, ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ó ṣí fìlà, ó fi sí abẹ́ rẹ̀, ó sì dé fìlà padà. Títí ilẹ̀ fi ṣú, orí gbọ́, ẹnu ò dáhùn. Àga mẹ́sàn-án mìíràn là.

Ó dé ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà. Ọládélé ọkọ rẹ̀, tó máa ń lẹ táìsì mọ́lẹ̀ nílé onílé, ń fọ sìmẹ́ǹtì funfun kúrò lápá.

"Ṣé Bàbá ti dáhùn?"

"Ó ní ó dáa."

"Kúnlẹ̀ fún un."

"Máníjà á rí mi. Páákì nìyẹn."

"Bí àga bá ṣì ń là ní Jímọ̀ ńkọ́?"

"Páákì náà ni."

Ọládélé ro ó. "Èyí tó máa rọ eékún rẹ lọ́rùn nínú méjèèjì ni kí o mú," ó ní, ó sì ń bá apá fífọ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́rú, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Ọmọ́títí rìn lọ síwájú ẹ̀rọ kejì, ó yọ páálí, ó tẹ́ ẹ, ó kúnlẹ̀.

Qudrah dá ọ̀bẹ dúró. Àwọn tó wà ní ẹ̀rọ kìn-ín-ní àti ẹ̀kẹta yíjú. Lókè, òjìji kan dúró lójú fèrèsé ńlá.

"Dìde, ọmọ mi," Bàbá ní. "Ọ̀gá ẹ ń wò."

"Mo mọ̀, sà."

"Wọ́n á dá ọ padà sí páákì."

"Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀, sà. Bàbá, ọ̀rọ̀ mi wúwo. Àga tó ti là ti di ọgbọ̀n. Gbogbo wọn, ẹ̀rọ yín ló ti jáde. Igba ó lé ogún ló yẹ kí nọ́ńbà ooru wà, mi ò sì gbà pé ibẹ̀ ló wà. Ẹnìkan ti ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbàlagbà nìyẹn, ó dìde fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ aláboyún ńkọ́? Kí lẹ rí sí i, sà?"

Ó dákẹ́. Ẹ̀rọ ń hó. Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ń wo ọmọ tó wà nílẹ̀, wọ́n tún ń wo òun.

Bàbá wá ṣe ohun tí gbogbo àgbà ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú kí ó gbé e dìde. Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá ti Ọmọ́títí. Ìgbà yìí ni ọmọbìnrin náà rántí ìwé ara ògiri. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ kì í gbójú sókè, ṣùgbọ́n àṣẹ ọ̀gá, àṣẹ ni. Ó gbójú sókè, ó sì wo ojú Bàbá bí máníjà ṣe ní kí ó máa wò ó.

Ẹyinjú òsì funfun bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Ti ọ̀tún ti ń tẹ̀ lé e.

Kò ké. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ sábẹ́ ariwo ẹ̀rọ, tí ó fi jẹ́ pé Bàbá nìkan ló gbọ́.

"Bàbá, nọ́ńbà wo ló wà lójú ẹ̀rọ yẹn báyìí?"

Bàbá kò tíì fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣì bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ojú ẹ̀rọ ti àtijọ́ yẹn, ohun kan wà tí à ń yí lára rẹ̀. Ó máa ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Mo máa ń fi ọwọ́ kà á. Èyí tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn Iléyá yìí, títẹ̀ là ń tẹ̀ ẹ́, kì í dún. Nọ́ńbà tí ẹ ń sọ yẹn, mi ò rí i. Iná pupa kan ṣáá ni mò ń rí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, sà?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ẹni tó bá lọ sọ fún ilé iṣẹ́ àga pé òun ò ríran, ṣé àga ni wọ́n máa fún un ni?"

"Ẹ ti sọ fún mi báyìí."

"Ìwọ lo ò dìde."

"Màá ní láti sọ ọ́ lókè, Bàbá."

Bàbá na ẹ̀yìn rẹ̀ ró díẹ̀díẹ̀. "Sọ ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n bó o ṣe sọ ọ́ fún mi ni kó o ṣe sọ ọ́."

Ọmọ́títí dìde, ó gbọn páálí, ó ká a, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ sókè kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é.

Máníjà wà lórí ìdúró.

"Mo ní mi ò gbọ́dọ̀ rí ọ lórí eékún mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo sì rí ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O kúnlẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mi. O wá dúró gbọnrangandan síwájú èmi gan-an."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa dúró, sà."

Máníjà wo ìwé ara ògiri. Ìwé náà kò ràn án lọ́wọ́.

"Mo ti rí ohun tó ń la àga, sà," Ọmọ́títí ní, ó sì ń wo ojú rẹ̀, kò jẹ́ kó pẹ́. "Bàbá Sùlèímọ́nù kò rí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ tuntun. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé ló ti ń fi iyè inú darí rẹ̀. Mo wò ó nígbà tí mo ń bọ̀. Ọgọ́sàn-án ló wà dípò igba ó lé ogún. Rọ́bà náà kì í yọ́ tán, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ kì í fi mú."

Máníjà jókòó. Ara rẹ̀ fúyẹ́ nígbà tó gbọ́ pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

"Ó ti tán nìyẹn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó ti ṣe iṣẹ́ rere. Kó máa lọ sílé lọ sinmi. Fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Wá gba lẹ́tà rẹ."

Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì. Bírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo Ìkirè ń retí rẹ̀.

Ọmọ́títí yọ páálí lápò ẹ̀yìn. Ó tẹ́ ẹ sórí táìsì ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀.

"Rárá, sà," ó ní.

Ní gbogbo ọdún tí Olúgbádé fi jẹ́ máníjà, kò sí òṣìṣẹ́ tó wí "rárá" fún un rí. "A máa gbìyànjú, sà" ni wọ́n máa ń sọ, wọn kò sì ní ṣe é. Kò mọ ohun tí a fi ń dáhùn "rárá," pàápàá èyí tó ń ti ilẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú "sà" nídìí rẹ̀.

"Ọwọ́ Bàbá mọ àga ju ojú gbogbo wa lọ," Ọmọ́títí ń bá a lọ. "Nọ́ńbà nìkan ló ń kọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Qudrah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kí Qudrah máa ka nọ́ńbà sókè ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí Bàbá pè é padà fún un kí ó tó tẹ ohunkóhun. Ẹ fún wa títí di Jímọ̀. Bí ẹyọ kan bá là, kí Bàbá máa lọ sílé, kí èmi máa lọ sí páákì. Kí lẹ rí sí i, sà?"

"Dìde."

Kò dìde.

"Mo ní kí o dìde."

"Ẹ ò tíì dá mi lóhùn, sà."

Nísàlẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ti gbójú sókè. Wọn kò rí Ọmọ́títí. Máníjà nìkan ni wọ́n ń rí lójú fèrèsé, tó dìde, tó jókòó, tó tún dìde, tó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Títí di Jímọ̀," ó ní níkẹyìn. "Dákun, dìde."

"Ẹ ṣé, sà."

Ó wá di pé láti ọ̀sán Ọjọ́rú náà, Qudrah ń ké ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, "Bàbá, igba ó lé ogún o," tí Bàbá ń dáhùn pé, "Igba ó lé ogún, mo gbọ́." Bí ó bá lọ sókè tàbí sódò, Qudrah á sọ, Bàbá á pè é padà, á tẹ̀ ẹ́, Qudrah á tún kà á. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ kìn-ín-ní àti ẹ̀kẹta ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn, nítorí wọ́n ní yàrá náà dùn sí i báyìí. Ẹni tó bá ń kọjá lẹ́yìn ògiri lè rò pé ilé kéwú ni.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, máníjà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó mú àga kan lára èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ẹ̀rọ kejì, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbé e sí àárín yàrá. Ẹni ńlá ni máníjà. Díákónì ọjọ́sí kò tó ìdajì rẹ̀. Ó jókòó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó gbé èkejì. Àga náà kò sọ ohunkóhun. Bàbá Sùlèímọ́nù, tí kò rí ohun tó ń lọ dáadáa, na etí.

"Ṣé ó ti jókòó?"

"Ó ti jókòó, Bàbá," Qudrah ní.

"Gbogbo ara?"

"Gbogbo ara."

"Kò ní là," Bàbá ní, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Orí àga náà ni máníjà wà tó fi yọ lẹ́tà lápò, tó gbé e lé itan, tó sì fọwọ́ sí i. Ó nà án sí Ọmọ́títí. Ọmọ́títí ò tíì gbà á.

"Ṣé kí n kúnlẹ̀ gbà á ni, sà, àbí kí n dúró?"

"Máa ṣe bó o ṣe ń ṣe é," máníjà ní.

Lẹ́tà náà ti wà ní Ìkirè báyìí, nínú gíláàsì, lára ògiri pálọ̀, níbi tí fọ́tò ìgbéyàwó wà tẹ́lẹ̀. Fọ́tò ti lọ sí yàrá. Àga ẹ̀rọ kejì ti wà nínú ilé ẹ̀kọ́, nínú ilé ìpàdé, níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Mowe àti ní Ìbafo títí dé Ifọ̀, kò sì tún sí èyí tí wọ́n dá padà. Ṣọ́ọ̀ṣì ti Lotto gba mọ́kànlélógún mìíràn. Díákónì ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó jókòó. Bí ẹ bá pàdé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù, ẹ bi í léèrè pé ta ni ọ̀gá wọn. Á ní, "Obìnrin ni," á sì na ọrùn bí ẹni pé òun ló bí i. Máníjà náà ń sọ fún àwọn máníjà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà pé wíwo ènìyàn lójú ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kò parọ́.

Ohun kan ló kù. Lóṣù tó kọjá, wọ́n sọ pé alága tó ni ilé iṣẹ́ ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n wò. Máníjà ti pinnu láti sọ fún un pé kí ilé iṣẹ́ gbé dókítà ojú wá fún gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kí ó sì pààrọ̀ ojú ẹ̀rọ tuntun náà sí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, nítorí alága fúnra rẹ̀ ló yan ojú ẹ̀rọ ọ̀hún, ó sì máa ń fi í yangàn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, máníjà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun sọ̀ kalẹ̀.

"Súpáfáísọ̀."

"Sà."

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Páálí yẹn."

Ọmọ́títí yọ ọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ṣàlàyé pé obìnrin ni òun gé e fún. Ọkùnrin tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí rẹ̀, bọ́tìnì mẹ́ta òkè ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan ló máa gbà. Máníjà ní mẹ́ta tó.

Dókítà ojú ti wá, ó sì ti lọ. Wọ́n ti ṣe ojú òsì Bàbá, ti ọ̀tún ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ojú ẹ̀rọ mìíràn ti wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, Qudrah ṣì ń kà á sókè, Bàbá ṣì ń dáhùn, nítorí wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn lára. Ṣùgbọ́n páálí kò tíì padà wá. Inú dúrọ́ọ̀ máníjà ló wà, níbi tí lẹ́tà Ọmọ́títí wà nígbà kan. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Kí òṣìṣẹ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pé kó dá ohun ìní òun padà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wúwo ni. Kí wá ni kí Ọmọ́títí kúnlẹ̀ lé lórí?